Alángbá Inú Oòrùn àti Alángbá Inú Àpótí

Ọ̀rọ̀ alángbá ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kí ni òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ alángbá ṣe, ẹranko tí a kì í pa jẹ, tí a kì í sì í gbé lọ sí ọjà. Ẹ fún mi ní sùúrù díẹ̀. Alángbá tí àwọn ọmọ wa ń fi òkò lé kiri lára ògiri ní Komu, ní Òtù àti ní Ìṣẹ́yìn, àwọn ìbátan rẹ̀ wà nínú àpótí gíláàsì ní London àti ní Amẹ́ríkà, tí àwọn olówó wọn ń ra iná mànàmáná àkànṣe fún wọn kí ẹsẹ̀ wọn má baà wọ́, kí àgbọ̀n wọn má sì rọ̀. Ohun tí oòrùn ń ṣe fún tiwa lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń fi owó wá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì pin sí ara alángbá nìkan. Ó kan eegun ọmọ ènìyàn pẹ̀lú, a óò sì dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri. Ní àkókò ọyẹ́, bí ẹ bá jí kí oòrùn tó yọ, ẹ wá alángbá kiri agbo ilé, ẹ kò ní rí ẹyọ kan. Wọ́n wà nínú pàlàpálá ògiri, lábẹ́ páànù, àti nínú ihò àpáta. Bí ẹ bá ṣèèṣì rí ọ̀kan fà yọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, yóò tutù lọ́wọ́ yín bí òkúta odò. Kò ní lè sáré, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì dúdú ràkọ̀ràkọ̀ bí èèpo igi. Akọ olórí pupa tí ó ń fẹlá lójú ọ̀sán, ẹ kò ní mọ̀ pé òun náà ni.

Nígbà tí oòrùn bá ti gun òkè díẹ̀, wọn a yọjú. Ògiri tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn ni wọn a kọ́kọ́ lọ, tàbí orí àpáta tí ìmọ́lẹ̀ ti bà. Ẹ ṣàkíyèsí bí alángbá ti ń ṣe ara rẹ̀ nígbà náà: a tẹ́ ìhà rẹ̀ sílẹ̀ kí ara rẹ̀ lè fẹ̀, a kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, a dákẹ́ jẹ́ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọ̀ akọ yóò máa yí padà. Ara rẹ̀ yóò di aró, orí rẹ̀ àti àárín ìrù rẹ̀ yóò pọ́n bí ọsàn tí ó ti pọ́n. Ìgbà yẹn ni ẹ óò rí i tí ó bẹ̀rẹ̀ sí mi orí, tí ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè sódò bí ọmọ ilé-ìwé tí ń ṣe eré ìdárayá. Àwọn baba wa sọ pé alángbá tí ó já láti orí ìrókò ní bí ẹnikẹ́ni kò bá yin òun, òun yóò yin ara òun. Ní tòótọ́, ìkìlọ̀ ni orí mímì náà: ó ń sọ fún àwọn akọ yòókù pé ògiri yìí ní onílé.

Tí ó bá di ọ̀sán gangan, wọn a sá. Ní Komu, aago kan kù bíi ìṣẹ́jú 15 ni oòrùn ń ga jù lọ, kì í ṣe aago méjìlá gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò, nítorí pé aago gbogbo Nàìjíríà ni a ń lò, apá ìwọ̀-oòrùn ni àwa sì wà. Ní àkókò yẹn ẹ óò rí àwọn alángbá lábẹ́ àjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, nínú òjìji. Wọn a tún jáde ní ìrọ̀lẹ́ láti gba èyí tí ó kù nínú oòrùn, kí wọ́n tó wọlé sùn.

Kí ni wọ́n ń wá nínú oòrùn? Èsì àkọ́kọ́ rọrùn: ooru ni. Ara tiwa a máa dá gbóná láti inú oúnjẹ tí a jẹ. Bóyá ọyẹ́ mú tàbí kò mú, ìwọ̀n ooru inú ara wa kò kúrò ní nǹkan bí 37 ti Celsius. Ti alángbá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìta bá tutù, òun náà tutù. Bí ó bá sì tutù, oúnjẹ inú rẹ̀ kò ní dà. Ó ní láti yáàrùn kí ara rẹ̀ tó gbóná tó tiwa. Ooru ṣe pàtàkì fún irú ẹranko báyìí ju bí a ti rò lọ. Ní 1966, obìnrin onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Madeleine Charnier, ní Dakar ní orílẹ̀-èdè Senegal, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹyin alángbá wa yìí gan-an, tí a bá tọ́jú rẹ̀ níbi tí ó tutù díẹ̀, abo ni ń jáde, tí ibẹ̀ bá sì gbóná sí i, akọ ni. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára ẹranko elégungun ẹ̀yìn, kí àwọn ẹlòmíràn tó rí i lára ìjàpá àti ọ̀nì. Lára alángbá Áfíríkà ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ooru nìkan kọ́ ni oòrùn ń fún alángbá. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa.

Ẹ rántí òṣùmàrè. Nígbà tí òjò bá dá tí oòrùn sì yọ, a rí i pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó dàbí funfun pín sí oríṣiríṣi àwọ̀. Pupa wà ní apá òkè, àwọ̀ elésè-àlùkò wà ní apá ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn àwọ̀ elésè-àlùkò yẹn, ìmọ́lẹ̀ kò tíì tán o. Ojú tiwa ni kò ríran kọjá ibẹ̀. Àwọn ìtànṣán kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ultraviolet. Wọ́n pín in sọ́nà. Èyí tí ó súnmọ́ elésè-àlùkò jù ni UVA, òun ni ó sì pọ̀ jù nínú èyí tí ń dé ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ alángbá lè fi ojú wọn rí UVA, nítorí náà bí akọ olórí pupa ti rí sí aya rẹ̀, àwa kò lè mọ̀ ọ́n láéláé. Èyí tí ó tẹ̀lé e ni UVB. Ó kéré níye, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀. Òun ni ń bó àwọn òyìnbó lára nígbà tí wọ́n bá pẹ́ nínú oòrùn. Òun náà ni ó kan ọ̀rọ̀ tí a ń sọ.

Nínú awọ ara alángbá, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú awọ ara wa, irú ọ̀rá kan wà. Bí UVB bá bà á, ọ̀rá yìí yóò yí padà. Ṣùgbọ́n ìyípadà náà kò parí. Ooru ara ni yóò parí rẹ̀, tí yóò fi di ohun tí a ń pè ní fítámì D. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ṣe èlùbọ́ ní Òkè-Ògùn yóò tètè lóye èyí. Iṣu kì í ti inú oko di àmàlà. A ní láti bọ̀ ọ́ lórí iná, kí a tún sá a sínú oòrùn. Bí a bá fo ọ̀kan, kò di èlùbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni awọ ara alángbá: ó fẹ́ ìtànṣán, ó sì fẹ́ ooru. Alángbá tí ó gba ìtànṣán ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ tutù, iṣẹ́ náà yóò falẹ̀. Alángbá tí ara rẹ̀ gbóná ṣùgbọ́n tí kò rí UVB, iṣẹ́ náà kò ní bẹ̀rẹ̀ rárá.

Fítámì D yìí yóò bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ yóò tún un ṣe, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí kíndìnrín. Kíndìnrín ni yóò fún un ní agbára tí ó kẹ́yìn. Nígbà náà ni yóò lè pàṣẹ fún ìfun pé kí ó gba èròjà kálísíọ̀mù láti inú oúnjẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kálísíọ̀mù ni ohun tí ń mú eegun le. Òun náà ni ó wà nínú èèpo ẹyin àti nínú ìkarahun ìgbín. Alángbá kì í jẹ ìgbín o. Èèrà, ikán, tata àti ìrẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, kálísíọ̀mù inú àwọn kòkòrò wọ̀nyí sì kéré gan-an. Nítorí náà ìfun alángbá ní láti gba ìwọ̀nba tí ó rí, kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan ṣòfò. Láìsí fítámì D, kò lè gbà á. Abo tí ó ń yé ẹyin tilẹ̀ ní ìnáwó méjì: eegun ara rẹ̀ àti èèpo ẹyin rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò lára ògiri wàyí, kí a lọ sí inú àpótí.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń sin alángbá bí a ti ń sin ajá. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù láàrin wọn wá láti aṣálẹ̀ Australia. Pogona ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ó ní ẹ̀gún lábẹ́ àgbọ̀n bí irùngbọ̀n. Òmíràn wá láti itòsí wa. Ní àwọn òkè Aïr ní orílẹ̀-èdè Niger, àti ní aṣálẹ̀ Algeria àti Mali, alángbá kan wà tí ìrù rẹ̀ kún fún ẹ̀gún, tí ó ń jẹ ewé, tí ó sì ń ti ihò imú tú iyọ̀ tí ó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀ dànù. Uromastyx ni orúkọ rẹ̀. Orí òkúta tí ènìyàn kò lè fi ọwọ́ kàn ní ọ̀sán ni ó ti ń yáàrùn. Ẹ̀kẹta súnmọ́ wa jù: irú awọ́nríwọ́n kan tí kì í gbé etí odò, tí ó jẹ́ pé inú ọ̀dàn bíi ti Òkè-Ògùn ni ó fẹ́. Láti Ghana, Togo àti Benin ni a ti ń kó wọn sínú ọkọ̀ òfuurufú lọ sí òkè òkun, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, pàápàá àwọn ọmọ kéékèèké. Òfin àgbáyé lórí títa ẹran ìgbẹ́ sí òkèèrè ti fi ìdè sí i: kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ kó awọ́nríwọ́n tàbí Uromastyx jáde láìgba ìwé àṣẹ.

Ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí irú ọmọ awọ́nríwọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n rà á ní ilé ìtajà. Wọ́n fi sínú àpótí gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n tan gílóòbù lásán lé e lórí kí ó má baà tutù. Oòrùn ń tàn wọlé láti ojú fèrèsé, ara rẹ̀ gbóná, oúnjẹ ń wọlé lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ó rà á rò pé kò sí ohun tí ó kù. Àṣé gíláàsì fèrèsé a máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, a jẹ́ kí ooru kọjá, ṣùgbọ́n a dí UVB lọ́nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Gílóòbù lásán kò sì ní UVB rárá. Ebi ń pa eegun ẹranko náà níṣojú ẹni tí ó ń bọ́ ọ.

Àwọn àgbà sọ pé gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ náà mu gan-an. Oṣù kan, oṣù méjì, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ìka rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Àgbọ̀n rẹ̀ yóò rọ̀ bí rọ́bà, tí kò ní lè fọ́ ìrẹ̀ jẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wọ́, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ yóò rí wọ́gọwọ̀gọ, kò sì ní lè gbé ikùn kúrò nílẹ̀ mọ́ bí ó bá ń rìn. Bí ó bá jẹ́ abo, ẹyin lè há sí i nínú kí ó sì pa á. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé, nígbà tí kálísíọ̀mù kò wá láti inú oúnjẹ, ara bẹ̀rẹ̀ sí yá a láti inú eegun, kò sì rí i san padà.

Nítorí èyí ni a ṣe ṣe gílóòbù UVB. Iná wọ̀nyí dàbí iná gbọọrọ tí a ń fi sí ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n gíláàsì tí a fi ṣe wọ́n yàtọ̀, ó ń jẹ́ kí UVB kọjá. Ǹjẹ́ wọ́n ń ṣiṣẹ́? Wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Netherlands tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọmọ Pogona 84 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Wọ́n fún apá kan ní fítámì D láti ẹnu, wọ́n sì fi apá kejì sábẹ́ iná UVB. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, àwọn tí ó wà lábẹ́ iná ní irú fítámì D tí ẹ̀dọ̀ ń tọ́jú ní ìlọ́po 18 ju àwọn tí a fún láti ẹnu lọ. Ẹnu wọn gba fítámì náà, ṣùgbọ́n ara wọn kò mọ̀ ọ́n lò bí ó ti mọ oòrùn lò.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí a rí lára ọ̀gà. Ọ̀gà náà tí àwa ń sá fún, tí a ń sọ oríṣiríṣi nǹkan nípa rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí Gary Ferguson wà lára wọn, mú irú ọ̀gà kan láti erékùṣù Madagascar. Wọ́n fún àwọn kan ní oúnjẹ tí fítámì D pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní èyí tí ó ní díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹ́ kí wọ́n yan ibi tí ó wù wọ́n. Àwọn tí fítámì D wọn kéré lọ sí abẹ́ UVB, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tí tiwọn tó, wọ́n yẹra fún un. Iṣẹ́ yìí jáde ní 2009. Ọ̀gà kò lọ sí ilé-ìwé, kò sì mọ ohun tí ń jẹ́ fítámì, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń sọ fún un ìgbà tí ó yẹ kí ó jáde àti ìgbà tí ó yẹ kí ó wọlé. Nítorí náà alángbá wa tí ń lọ tí ń bọ̀ láàrin oòrùn àti òjìji ní gbogbo ọjọ́, kì í ṣe pé kò rí nǹkan ṣe. Ó tilẹ̀ ní ojú kẹta ní àtàrí, tóótó bí orí abẹ́rẹ́, tí kò lè rí àwòrán, ṣùgbọ́n tí ó mọ bí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tó.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ọmọńlé ńkọ́, tí kì í jáde àfi lóru, tí ó ń jẹ kòkòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn onímọ̀ kan náà fi awọ irú ọmọńlé kan wé ti alángbá tí ń yáàrùn, wọ́n sì rí i ní 2000 pé awọ ọmọńlé yára ṣe fítámì D ju ti alángbá lọ. Ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó bà á ní ìrọ̀lẹ́ tàbí láti inú pàlàpálá tó o. Alángbá tí ń gbé inú oòrùn ní awọ tí ó nípọn sí i, kí oòrùn má baà pa á lára.

Èyí mú wa dé orí ewu. UVB tí ó pọ̀ jù ń ba ojú àti awọ jẹ́. Láàrin 2005 sí 2010, àwọn gílóòbù kan jáde ní ọjà òkè òkun tí ìtànṣán wọn le ju ti oòrùn lọ. Ojú ọ̀pọ̀ ẹranko wú, wọn kò lè là á. Àwọn tí wọ́n tètè yọ iná náà kúrò rí i pé ojú ẹranko wọn là padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti fítámì D fúnra rẹ̀, oòrùn kì í fún ẹranko ní àpọ̀jù. Bí awọ ara bá ti ṣe èyí tí ó tó, ìtànṣán kan náà a máa sọ àṣẹ́kù di ohun tí kò wúlò, tí kò sì léwu. Ti ẹnu kò ní irú ìjánu bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bu fítámì D sí oúnjẹ ẹranko láìwọ̀n ọ́n lè mú kí kíndìnrín rẹ̀ le bí òkúta.

Ewu tí ó wà fún àwọn ọmọ wa níhìn-ín yàtọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń fi okùn so alángbá lọ́rùn, tàbí tí ẹ ń kó o sínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbọ́ mi. Inú páálí kò ní oòrùn, nítorí náà ara rẹ̀ yóò tutù, oúnjẹ tí ẹ fún un yóò bà jẹ́ sí i nínú. Bí ẹ bá sì gbé ike tí ó wà nínú rẹ̀ sínú oòrùn ọ̀sán, kò ní rí òjìji sá sí, yóò kú láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀bùn tí oòrùn ń fún alángbá wà nínú pé ó lè kúrò níbẹ̀ nígbà tí ó bá tó o.

Mo ṣèlérí pé a óò dé ọ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn. Ní ìgbà kan, àwọn ọmọ ìlú ńláńlá ní Yúróòpù, tí èéfín ilé-iṣẹ́ bo ojú ọ̀run wọn, kún fún ẹsẹ̀ wíwọ́. Ní 1919, dókítà kan tí ń jẹ́ Kurt Huldschinsky ní Berlin gbé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ iná tí ń tú ultraviolet jáde, ó sì fi àwòrán eegun tí a yà hàn pé eegun wọn tún le padà. Ìyẹn ni ìyá-ńlá gílóòbù alángbá tí a ń tà lónìí. Lára ọmọ ènìyàn ni ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Oòrùn pọ̀ dé ibi pé ó ń wà ní àtàrí wa gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ní Òkè-Ògùn, nínú oṣù kẹrin àti ní ìparí oṣù kẹjọ. Síbẹ̀ a rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní àfọwọ́fà tàbí iṣẹ́ ayé. Àwọn dókítà ní Jos, tí Tom Thacher wà lára wọn, yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ 123 wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1999. Wọ́n fún àwọn kan ní fítámì D, wọ́n fún àwọn kan ní kálísíọ̀mù, wọ́n fún àwọn yòókù ní méjèèjì, fún ọ̀sẹ̀ 24. Àwọn tí ó gba kálísíọ̀mù, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú fítámì D, ni eegun wọn san jù. Fítámì D nìkan kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Oòrùn ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn. Inú àwo oúnjẹ ni àìtó náà wà: ẹ̀kọ ní òwúrọ̀, ọkà ní ọ̀sán, ọkà ní alẹ́, láìsí wàrà, láìsí ẹja tí a jẹ teegunteegun.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ wo bí èyí ti jẹ́ òdìkejì ti alángbá inú àpótí. Ẹni tí ó sin alángbá fún un ní ìrẹ̀ tí ó bu lẹ́búlẹ́bú kálísíọ̀mù lé lórí, ṣùgbọ́n kò fún un ní oòrùn. Àwa fún ọmọ wa ní oòrùn, a kò fún un ní kálísíọ̀mù. Ẹsẹ̀ méjèèjì sì wọ́. Àwọn Fúlàní ń gbé wàrà kiri àwọn ọjà wa, kò wọ́n ju bíńkì àti súìtì tí a ń rà fún ọmọ lọ. Ẹja gbígbẹ tí a gún kúnná pẹ̀lú eegun rẹ̀, tí a bù sínú ẹ̀kọ ọmọ, wúlò pẹ̀lú. Wọ́n dán irú rẹ̀ wò fún àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí wọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ó ṣì kéré, kí eegun náà tó gbó.

Ti àwọn ọmọ wa tí ó wà ní London tún yàtọ̀. Ní ọjọ́ tí oòrùn rẹ̀hìn jù lọ nínú oṣù kejìlá, kì í ga ju ìwọ̀n 15 lọ lójú ọ̀run níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ó ń gba inú afẹ́fẹ́ lọ gbọọrọ kí ó tó dé ilẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ti gba UVB rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, oòrùn ibẹ̀ kò tó ohun tí awọ ara lè fi ṣe fítámì D. Awọ dúdú tiwa tún ń dín ìtànṣán náà kù, nítorí oòrùn Áfíríkà ni a dá a fún. Nítorí náà ni ìjọba ibẹ̀ ṣe gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn ní 2016 pé kí wọ́n ronú láti máa lo fítámì D, ìwọ̀n microgram 10 lójúmọ́, nígbà òtútù. Wọ́n sì ní kí àwọn tí ó ti Áfíríkà wá máa lò ó yí ọdún ká. Bí ẹ bá ń bá ọmọ yín tí ó bímọ sí ọ̀hún sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ bi í léèrè nípa èyí.

Bí ọmọ-ọmọ yín níbẹ̀ bá sì ń sin alángbá, ẹ sọ fún un pé iná UVB a máa gbó láìkú. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tí ojú ń rí yóò ṣì máa tàn yòò, ṣùgbọ́n UVB inú rẹ̀ yóò ti dín kù, nítorí náà láàrin oṣù 6 sí 12 ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ pípààrọ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi gíláàsì sáàrin iná àti ẹranko. Kí ó fi ibi òjìji sínú àpótí náà, kí ó sì pa iná ní alẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe èyí pẹ̀lú kíláàsì yín. Ẹ yan ògiri kan tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn. Kí ọmọ kan máa kọ aago tí alángbá àkọ́kọ́ yọjú sílẹ̀ ní àràárọ̀, kí òmíràn kọ bóyá ojú ọ̀run mọ́ tàbí eruku ọyẹ́ bò ó, kí ẹ̀kẹta ka iye ìṣẹ́jú tí akọ fi dùbúlẹ̀ nínú oòrùn kí orí rẹ̀ tó pọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn jù, kí ẹnikẹ́ni má sì mú òkò dání. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, ẹ fi ọjọ́ tí eruku pọ̀ wé ọjọ́ tí oòrùn mú, kí ẹ wo èyí tí àwọn alángbá pẹ́ jù lára ògiri.